Àwọ̀n Tí Alágbàfọ̀ Kọ̀ Láti Fọ̀

Alágbàfọ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ti sọ fún ọ̀gá ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀sà pé òun kò ní fọ àwọ̀n tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ya gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Ẹni tó ti ń fọ àwọ̀n láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tí kì í fẹ́ kí ewéko kankan gùn tó èékánná lára okùn, òun ló wá dúró níwájú ọ̀gá, tó ká ọwọ́ sẹ́yìn, tó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, mi ò ní fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá máa lé mi, ẹ lé mi."

Alágbàfọ̀ kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Atukọ̀ ló fún un ní orúkọ náà, ìyẹn ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé e lọ sídìí àwọ̀n, tó sì ń di okùn rẹ̀ mú nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ omi. Ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Atukọ̀ wò ó láti inú ọkọ̀ bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha okùn kọ̀ọ̀kan, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí lọ́rùn ẹ̀wù. Nígbà tó yọrí, Atukọ̀ ní, "Ṣé o ò ní kúkú fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, alágbàfọ̀?" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, aṣọ́nà yóò ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà dà bí àgbàlá inú omi. Wọ́n ri òpó sínú iyanrìn, wọ́n ta àwọ̀n yí wọn ká láti ojú omi títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹja ńlá tó ń buni jẹ má baà wọlé bá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá fi àwọ̀n náà sílẹ̀, ewéko á bò ó, ìkarahun wẹ́wẹ́ á so mọ́ ọn, á wúwo, á sì ya. Iṣẹ́ Alágbàfọ̀ ni láti gbé àgbá atẹ́gùn sẹ́yìn, kó dé awò ojú, kó wọ omi lọ, kó sì máa ha àwọ̀n náà láti igun dé igun. Nígbà tó bá fi máa dé igun tó kẹ́yìn, èyí tó fi bẹ̀rẹ̀ á ti tún dọ̀tí. Kì í ráhùn. Inú rẹ̀ a máa dùn bó bá gbọ́ tí ìyá kan ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Di àwọ̀n yẹn mú, kò yọ̀."

Yàrá méjì ló ń gbé, lẹ́yìn òpópónà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn tó wà ní ìlú òkèèrè ló bímọ, ìyá sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ara ọmọ kò yá; nígbà tí ara ọmọ yá, iṣẹ́ ìyá ọmọ kò jẹ́ kó ráàyè; nígbà tó ráàyè, oyún kejì dé. Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. Bàtà ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kọ iwájú síta bí ẹni tó fẹ́ jáde. Ife méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ni Alágbàfọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n méjèèjì ló máa ń fọ̀.

Ìyàwó náà kò gbàgbé rẹ̀. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ tó jí, a máa pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. "Olówó orí mi, ṣé ẹ sùn dáadáa?" "Mo sùn. Ìwọ ńkọ́?" "Èmi náà sùn. Ẹ jẹun kí ẹ tó wọ omi o." Ó tán. Lẹ́yìn náà ni Alágbàfọ̀ á kó irinṣẹ́ rẹ̀, tí á sì lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí Dókítà Ẹja dé.

Dókítà Ẹja jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó kàwé nípa àwọn ohun abẹ̀mí inú omi. Ó wá síbi ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ó ní òun fẹ́ wo àwọ̀n. Ọ̀gá ní kí Alágbàfọ̀ mú un lọ. Inú ọkọ̀ ló ti bi í léèrè.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí ẹja tí orí rẹ̀ dà bí orí ẹṣin lára àwọ̀n yìí rí?"

"Há! Ṣé òótọ́ ló wà? Mo ti rò pé ojú mi ni."

"Ojú yín kọ́, sà. Ẹṣin-òkun ni. Kí lẹ máa ń ṣe bí ẹ bá rí i?"

Alágbàfọ̀ wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. "Mo máa ń já a kúrò níbẹ̀, kí n lè ráàyè fọ̀."

Dókítà kò bá a wí. Ó ṣàlàyé ni. Ó ní irú ẹṣin-òkun yìí kò sí níbòmíràn ju àwọn ọ̀sà díẹ̀ tó wà létí òkun yìí lọ. Kò lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Òòró ló ń dúró nínú omi, lẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì fi ń rìn, bí omi bá le díẹ̀, á gbé e lọ. Nítorí náà, ìrù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Á fi ìrù wé koríko inú omi, á sì dúró síbẹ̀. Nígbà kan, koríko bo ìsàlẹ̀ ọ̀sà náà bíi pápá. Ìdákọ̀ró àwọn ọkọ̀ hú u, àwọn tó ń kọ́ èbúté gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń fi àwọ̀n ńlá wọ́ edé há èyí tó kù. Àwọn kan tún ń mú àwọn ẹja náà, wọ́n ń sá wọn gbẹ fún títà. Àwọn tó ṣẹ́ kù kò rí nǹkan dì mú mọ́ ju àwọ̀n ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lọ.

"Àwọ̀n yín ló di koríko wọn, Bàbá."

"Èmi ni mo sì ń ro oko náà."

"Ẹ ò mọ̀ ni."

"Mi ò mọ̀," ni Alágbàfọ̀ wí, ó sì gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibi tí wọ́n wà sílẹ̀ láìfọ̀. Dókítà sì ń kọ́ òun àti Atukọ̀ ní ìwà wọn. Ẹja náà kò ní ìpẹ́. Egungun ló wé e lára bí ìhámọ́ra. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ọ̀gà, ọ̀kan lè máa wo òkè kí èkejì máa wo ilẹ̀. Kò ní ikùn tó lè tọ́jú oúnjẹ, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dẹ́kun jíjẹ. Ẹnu rẹ̀ tó gùn bí ọ̀pá ló fi ń fa edé wẹ́wẹ́ mu, inú ewéko tó hù sára okùn sì ni àwọn edé náà ń gbé. Okùn tó mọ́ tónítóní, ilé tí kò ní ilé ìdáná ni lójú tiwọn. Akọ ló sì ń gbé oyún. Abo á kó ẹyin rẹ̀ sínú àpò tó wà níwájú ikùn akọ, akọ á gbé e títí yóò fi bí.

"Akọ ló ń lóyún?" ni Alágbàfọ̀ wí.

"Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀," ni Atukọ̀ sọ, ó ń wo ẹ̀yìn. "Bí ìyàwó mi bá gbọ́ pé ó ṣeé ṣe, ó parí."

Nínú gbogbo wọn, méjì ni ojú Alágbàfọ̀ mọ́ jù, ní igun tó ní ìbòòji lábẹ́ àtẹ̀gùn onípákó. Ó mọ akọ nípa àpò rẹ̀, ó mọ abo nípa ògbe orí rẹ̀ tó gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà sọ fún un pé bó bá fẹ́ rí ohun tó wuyì, kó wọ omi ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó wọ̀ ọ́. Ó rí i tí abo kúrò níbi tó sùn sí, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti okùn dé okùn. Akọ rí i, àwọ̀ ara rẹ̀ tó dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Abo náà funfun. Wọ́n fi ìrù di okùn kan ṣoṣo mú, wọ́n yí i po, wọ́n jọ léfòó, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abo padà síbi tirẹ̀, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń bi ará ilé rẹ̀ bóyá ó jí dáadáa.

Ohun tí Alágbàfọ̀ rí yẹn wọ̀ ọ́ lára débi pé ó yí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ìdájí ló wá ń wọ omi. Bí fóònù rẹ̀ bá dún ní àkókò tó máa ń dún, inú àpótí irin níbi iṣẹ́ ló ti ń dún, láàárín ṣòkòtò àti fìlà. Bó bá pe ìyàwó rẹ̀ padà lálẹ́, àwọn ọmọ á máa ja fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kó ti rẹ̀ ẹ́. "Ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." "Ó dáa." Kò sí ìjà, kò sí àsọ̀. Ọ̀rọ̀ kàn ń dín kù ni.

Ní ọdún yìí, àwọ̀n àtijọ́ gbó tán. Wọ́n ra tuntun, wọ́n sì dá ọjọ́ tí ẹ̀rọ agbẹ́rù yóò wá fa ti àtijọ́ sókè. Dókítà bẹ ọ̀gá, ọ̀gá gbà pé kí wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ lára àwọ̀n àtijọ́, níbi tí àwọn ẹja náà dì mú, pẹ̀lú ewéko rẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ tuntun, kí wọ́n lè ní ilé títí ewéko yóò fi hù. Alágbàfọ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó gé e pẹ̀lú sùúrù, ó sì gbé e kọjá pẹ̀lú ẹja lórí rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọmọ tó ti sùn. Ti igun àtẹ̀gùn ló fi ṣe àṣekẹ́yìn. Akọ àti abo jọ wà lórí ègé àwọ̀n kan náà, ẹyin sì ti kún àpò akọ. Ó so ó, ó fà á wò, ó le dáadáa. Ó wá dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ yẹn gan-an, ìyàwó rẹ̀ ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i, ó sì ti gbọ́ ọ kó tó wọ omi. Ó ní òun kò ní lè wá ní ìparí ọdún mọ́, àwọn ọmọ kò tíì ṣeé fi sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Alágbàfọ̀ ń yí ọ̀rọ̀ náà lọ yí i bọ̀ nísàlẹ̀ omi, ó ń wá ibi tí ó ti yẹ kó dáhùn. Búrọ́ọ̀ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tó máa ń wà. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fi padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ha ègé àwọ̀n náà ju ìdajì lọ. Okùn rẹ̀ ti funfun. Ewéko ń léfòó lọ bí èérún. Akọ dì mọ́ apá tó kù. Abo kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó fa okùn, Atukọ̀ gbé e sókè. Dókítà ti wà nínú ọkọ̀.

"Mo fọ̀ ọ́," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Kí lẹ fọ̀, Bàbá?"

"Ilé wọn."

Dókítà gbé àgbá atẹ́gùn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló dé awò ojú tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì wá abo náà lára àwọ̀n, lára òpó, nínú iyanrìn, títí atẹ́gùn inú àgbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọn kò rí i.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìdájí ni Alágbàfọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ á já bọ́ sínú omi, akọ á funfun, á na ọrùn. Ojú rẹ̀ kan á máa wo ọ̀nà ọ̀tún, èkejì á máa wo ti òsì. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á padà dúdú. Alágbàfọ̀ á jókòó sórí iyanrìn níwájú rẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Ó gbìyànjú nígbà kan láti na ìka kan sí i, kó lè ní nǹkan dì mú. Akọ náà yí ẹ̀yìn sí i.

Àárín àkókò yìí ni ọ̀gá pàṣẹ pé kó fọ àwọ̀n tuntun, nítorí ewéko ti ń hù lórí rẹ̀, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láìpẹ́. Ibẹ̀ ni Alágbàfọ̀ ti kọ̀. Ọ̀gá, tí kò tíì tó ẹni ogójì ọdún, fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó ná. Ṣé nítorí ẹja kan lẹ ṣe ń kọ iṣẹ́?"

"Ẹja kan kọ́, sà. Ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Láti okùn dé okùn ló ń rìn. Bó bá wà láàyè níbì kan, kò lè gba orí okùn tí kò ní oúnjẹ padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀."

"Bí kò bá sí láàyè ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Ọ̀gá fọwọ́ pa iwájú orí. Ó ní kó fọ apá òkè, ibi tí ọwọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń kàn, kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ná títí ìgbìmọ̀ tó ń darí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ náà yóò fi jókòó. Alágbàfọ̀ dúpẹ́. Ó fọ òkè náà mọ́ bíi tìgbà gbogbo.

Akọ náà bímọ ní òwúrọ̀ kan tí omi dákẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí inú ń run, àpò rẹ̀ là, àwọn ọmọ sì ń tú jáde, wọ́n kéré bí òwú tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ìrù wọn ti ká. Omi gbé wọn lọ sókè, akọ kò sì wo ẹ̀yìn wọn. Dókítà ti sọ pé kì í tọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò di oúnjẹ ẹja mìíràn kí wọ́n tó rí nǹkan dì mú. Nígbà tó parí, àpò rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ó sì tún wà níbẹ̀ lóun nìkan.

Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Alágbàfọ̀ rí ohun tó ń bọ̀ lórí àwọ̀n tuntun, nísàlẹ̀, láàárín ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Abo ni. Ó ń bọ̀ láti okùn dé okùn. Akọ ti ń funfun. Abo náà súnmọ́ tòsí, Alágbàfọ̀ sì wo ògbe orí rẹ̀. Kò gé níbì kankan. Ara rẹ̀ tún kéré ju ti èyí tó ń retí lọ. Àlejò ni. Akọ kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n fi ìrù di okùn kan mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po. Alágbàfọ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ṣi ilẹ̀kùn láìkàn án.

"Ó dé?" ni Atukọ̀ béèrè nígbà tó yọrí sójú omi.

"Ẹlòmíì ló dé."

Atukọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó kúkú ṣe díẹ̀," ló wí. "Àwa míì ò ní dúró tó yẹn."

Dókítà gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní àmì rere ni, pé àwọ̀n tuntun ti ń di ilé. Alágbàfọ̀ bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń gbàgbé ara wọn nìyẹn. Dókítà ló dáhùn. "Bí ọ̀kan kò bá wá kí èkejì fún ìgbà díẹ̀, Bàbá, ohun tó so wọ́n pọ̀ á tú. Wọn ò ní nǹkan mìíràn tó so wọ́n pọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pe ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn. Ó ní kó jọ̀wọ́, kó wọ yàrá, kó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló kú?" ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹja kan fún ọ ni."

"Ẹja?"

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sọ ti búrọ́ọ̀ṣì, ó sọ ti àlejò. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé akọ ló ń lóyún, ó ní Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, ó kàn ṣe é síbi tí kò yẹ ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ṣé nítorí kí ẹ lè máa wo àwọn ẹja tó ń kíra wọn láàárọ̀ lẹ ò ṣe gbé fóònù mi láti ọdún tó kọjá?"

Alágbàfọ̀ fa ife kejì sún mọ́ra lórí tábìlì.

"Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi ni, pé mo pẹ́ jù."

"Mi ò bínú."

"Èmi náà sì ti ń sọ ọ́ nínú ara mi pé kí n má pè mọ́. Pé kí n jẹ́ kí ẹ rímú mí."

Àwọn ọmọ ń kan ilẹ̀kùn. Alágbàfọ̀ di fóònù náà mú mọ́ etí. "Pè mí lọ́la," ló wí.

"Ẹ máa wà nínú omi."

"Mi ò ní tíì wọ̀ ọ́."

Nígbà tó sọ fún Atukọ̀ pé lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ tán ni wọn yóò máa jáde báyìí, Atukọ̀ wò ó. "Ijó wọn á ti parí nígbà yẹn o."

"Mo mọ̀."

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ apá ìsàlẹ̀ àwọ̀n ní Ọjọ́bọ̀. Dókítà ni yóò sọ̀rọ̀, Alágbàfọ̀ yóò sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fọ ẹ̀wù tí yóò wọ̀ lọ síbẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lókè bàtà ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì di Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí àwọn ọmọ-ọmọ tó jí, fóònù yóò dún lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife méjèèjì.